N Ò Ní Fún Ọkùnrin Yẹn Ní Pásípọ́ọ̀tù Ìyàwó Rẹ

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Múfútàù Àjàní, ọmọ mi,

N ò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sì mọ̀ pé ara rẹ le. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kò lè pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. O ní Ràfíátù ìyàwó rẹ kò gbọ́ òyìnbó. O ní ọkùnrin tó ń bá yín ṣe ètò ìdánwò òyìnbó ní Òṣogbo sọ fún ọ pé nígbà tí òun bi í ní ìbéèrè, ńṣe ló ń rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ lè sọ orúkọ ọkọ rẹ̀. O ní bóyá kò fẹ́ wá bá ọ nílùú Ọba ni, bóyá ó ti rí ẹlòmíràn. O wá pàṣẹ fún mi pé kí n mú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ fún ọkùnrin náà, kí ó wá ẹni tí yóò jókòó ṣe ìdánwò náà dípò rẹ̀, kí físà lè tètè jáde. Mo ní kí n fèsì, o ní o ti fẹ́ wọṣẹ́, o sì pa fóònù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ẹni tó ń ka ìwé kò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Màdáámù tó ń ra gàrí lọ́wọ́ mi, èyí tó ń kọ́ni ní yunifásítì àwọn onígbàgbọ́ tó wà níbí, ló sọ pé òun máa bá mi ya ìwé náà ní fọ́tò, òun á sì fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ. Jókòó kí o kà á. Má kà á nínú ọkọ̀.

Kí n tètè sọ èyí kí ọkàn rẹ má baà máa gbéra sókè: pásípọ́ọ̀tù náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kò sì ní kúrò níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn.

O mọ̀ pé ẹni tó máa ń fura ni mí. Gbogbo agboolé wa ló mọ̀. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn, a máa sọ pé bí wọ́n bá ní kí n máa bọ̀ ní àlùjánnà, màá kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ máa ń fi mí rẹ́rìn-ín, ìwọ àti wọn. Ṣùgbọ́n ìfura loògùn àgbà, oògùn yẹn ni mo sì ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́ tí n kò fi já sí kòtò.

Òwò gàrí ló kọ́ mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ rà á ní abúlé Alájué, ojú lásán ni mo fi ń rà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣàdúà fún mi kí n tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pàápàá. Ó ta àpò kan fún mi. Òkè rẹ̀ funfun, ó gbẹ, ó ń dún wọ̀ọ̀ lọ́wọ́. Mo dé ọjà, mo tú u, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù, ó ti bu. Láti ìgbà náà, n kì í ra àpò tí n kò bá ti ọwọ́ bọ̀ títí kan ìsàlẹ̀. Àwọn tó ń tà á á máa bínú, wọ́n á ní, "Ìyá Múfú, ṣé ẹ ò gbà wá gbọ́ ni?" Màá ní mo gbà yín gbọ́, ọwọ́ mi ni kò gbà yín gbọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ gbà ọ́ ni pé kí o má ṣe fi ojú lásán ra ohunkóhun tí ayé ìyàwó rẹ bá wà nínú rẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti rí ọkùnrin Òṣogbo yẹn. O rí fọ́tò rẹ̀ tó wọ kóòtù, o rí àsíá òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀, o ní ó dáa. Òkè àpò lo rí. Èmi àti Ràfíátù la ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, jẹ́ kí n sọ ohun tí a bá níbẹ̀.

Òkè ilé ìtajà fóònù kan ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Wọ́n ya àsíá ìlú Ọba sára ilẹ̀kùn, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí abẹ́ rẹ̀ pé ìjọba ló fọwọ́ sí ibẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti kọ́kọ́ fura. Ọsibítù ìjọba wà ní Ẹdẹ níbí, n kò tíì rí ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé àwọn kì í ṣe ayédèrú.

A wọlé. Ọkùnrin náà ló gbowó lọ́wọ́ wa. Òun náà ló tún jókòó bíi tíṣà. Òun náà ló ní òun máa ṣe ìdánwò. Òǹtẹ̀ tí wọ́n fi ń lu ìwé ẹ̀rí wà lórí tábìlì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì rẹ̀. Mo bi í pé ibo ni ìdánwò gan-an á ti wáyé. Ó ní, "Níbí náà ni, Màmá." Mo ní ọjọ́ wo? Ó ní, "Ọjọ́ tó bá ti wù yín." Mo ní tí kò bá yege ńkọ́? Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ọkàn yín balẹ̀ jàre. Lọ́dọ̀ tèmi, kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi."

Ìdánwò tí kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ọmọ mi, ọjà ni, kì í ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n n kò tíì dìde. Mo fẹ́ rí ibi tó máa já sí.

Ó ní kí òun dán Ràfíátù wò díẹ̀. Ìyàwó rẹ jókòó síwájú rẹ̀, èmi jókòó tì í. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ òyìnbó díẹ̀, ìwọ náà mọ̀, nítorí ní kékeré ẹ̀yin ọmọ kì í lè fi òyìnbó bú ara yín níwájú mi. Ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó dáhùn. Ó bi í níbi tó ń gbé, ó ní Ẹdẹ, ó tún fi kún un pé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ òun ni òun wà. Ó bi í níṣẹ́ tó ń ṣe, ó ní aṣọ ni òun ń rán, ó sì ń fi ọwọ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Inú mi dùn. Mo ní ẹ̀hẹn, ọmọ yìí mọ̀ ọ́n sọ.

Ó wá bi í pé kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀.

Ràfíátù wò mí. Ó tẹrí ba. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá fi òyìnbó sọ pé, "Ọmọ Màmá yìí ni." Ọkùnrin náà tún un bi. Ó fẹ́ sọ pé "olówó-orí mi ni," kò rí òyìnbó tó máa pè é, ó bá ń fa etí gèlè rẹ̀. Ọkùnrin náà bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jágbe mọ́ ọn. Ojú ilẹ̀ ni ìyàwó rẹ ń wò.

Ọkùnrin náà ju bírò sílẹ̀. "Màmá, ìṣòro wà o. Èyí kò lè yege láéláé. Ṣùgbọ́n ẹ má dààmú, mo ní ọmọbìnrin kan tó gbọ́ òyìnbó bí ẹní mumi, òun ló máa bá a jókòó ṣe é. Ẹ ṣáà fi pásípọ́ọ̀tù sílẹ̀."

Ṣé o rí i? Kò tíì pẹ́ tó sọ pé kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi. Ó ti wá rí ẹni tí kò lè yege láéláé. Mo sọ fún un pé a gbàgbé pásípọ́ọ̀tù sílé, pé a máa mú un bọ̀. Irọ́ ni mo pa, inú àpò mi ló wà, mo sì di àpò náà mú bí ẹní di adìyẹ mú. Kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo fa ìyàwó rẹ lọ́wọ́, a sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé ká tó délé ni ọkùnrin náà ti pè ọ́.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ẹdẹ, inú ń bí mi sí Ràfíátù. Kí n má tàn ọ́, èmi náà ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gba ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ, màá máa gbọ́ tó ń sọ òyìnbó jẹ́jẹ́, á dákẹ́, á tún rẹ́rìn-ín. Mo ní ta lẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tí kò lè sọ ọ́ níwájú mi? Lọ́jọ́ kan mo yọ́ lọ dúró sí ẹ̀yìn gáráwà omi. Fóònù ló gbé ti ògiri. Ẹnì kan nínú fóònù náà á sọ gbólóhùn kan, á ní kó tún un sọ. Ràfíátù á sọ ọ́, á ṣì í, á fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, á tún un sọ. Mo rọra padà wọlé, ẹsẹ̀ mi sì tutù rinrin, nítorí gáráwà náà ń jò. Nítorí náà, mo mọ̀ pé kò sí ọjọ́ tí kì í kọ́ òyìnbó. Ohun tó mú inú bí mi nínú ọkọ̀ nìyẹn.

Mo ní, "Ràfíátù, ṣé o kò mọ orúkọ ọkọ rẹ ni?"

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Kí ló wá dí ọ lẹ́nu?"

Ó ní, "Màmá, ẹ ò ní bínú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí. Ṣé kí n wá la ẹnu mi gbàgà, kí n máa pe orúkọ ọmọ yín níwájú yín ni?"

Múfútàù, ìbínú mi ti rọ̀ kí a tó dé Ẹdẹ.

Ìwọ náà mọ àṣà ilé wa, àfi tí òtútù ibẹ̀ yẹn bá ti gbé e kúrò lórí rẹ. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni tó bá nílé ọkọ. Àbúrò rẹ tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, "Adúmáadán" ló ń pè é. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa rẹ, "ọmọ yín" ló máa ń sọ. Tó bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, "olówó-orí mi" ni. Ọkùnrin tó ní òun ń kọ́ àwọn ìyàwó ilé lóyìnbó nílẹ̀ Yorùbá, tó wá mú ìyàwó jókòó síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, tó ní kó pe ọkọ lórúkọ, ó yẹ kó ti mọ̀. Bóyá ó sì mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo rò ó dáadáa ni mo tó fura pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Èmi náà ńkọ́? Títí bàbá rẹ fi kú, n kò fi ẹnu mi pe orúkọ wọn rí. Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ní kí n sọ orúkọ aláìsàn, mo ní kó jọ̀ọ́, ọmọ mi ń bọ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ́ ìyàwó wọn ni?" Mo ní èmi ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ń bọ̀. Ìwọ lo sáré wọlé tí o sọ ọ́. Ǹjẹ́ o lè sọ pé n kò mọ orúkọ ẹni tí mo bá gbé títí di ọjọ́ alẹ́?

Ìmọ̀ràn kejì nìyí, òun ló sì wúwo jù. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, bàbá rẹ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Jọ́ọ̀sì. Wọ́n á lọ, wọ́n á pẹ́. Obìnrin kan tí a jọ ń tajà wá sọ fún mi pé wọ́n ti fẹ́ ìyàwó síbẹ̀, pé òun rí i. N kò béèrè, n kò dúró, mo di ẹrù mi, ó di Ìwó, nílé bàbá mi. Bàbá mi kò bínú, wọn kò sì bẹ̀ mí. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ẹni tó sọ fún ọ yẹn, kí ni yóò jẹ níbẹ̀?" Mo ní kí ni ó máa jẹ? Wọ́n ní kí n lọ wádìí. Mo wádìí. Àbúrò ara rẹ̀ ni obìnrin náà fẹ́ fi fún bàbá rẹ. Mo ru ẹrù mi padà sí Ẹdẹ, bàbá rẹ kò sì jẹ́ kí n gbàgbé ẹrù náà títí wọ́n fi lọ. Bí mo bá ti se ọbẹ̀ tó níyọ̀ jù, wọ́n á ní ṣé kí àwọn bá mi pe alábàárù ni.

Ẹni tó sọ fún ọ pé ìyàwó rẹ kò gbọ́ òyìnbó, kí ni yóò jẹ níbẹ̀? Rò ó. Tí Ràfíátù bá mọ̀ ọ́n sọ, kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn máa tà fún ọ mọ́. Àìmọ̀-ọ́n-sọ rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ìwọ sì gbẹ́jọ́ lẹ́nu ẹnìkan ṣoṣo, o dá a lẹ́bi, o kò sì gbé ìpè rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. O tún fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ò ń pa làpálàpá: olè wà níwájú rẹ, ìyàwó rẹ lò ń lé kiri.

Jẹ́ kí n wá sọ bí ọ̀nà tó tọ́ ṣe rí, nítorí n kò fẹ́ kí o sọ pé ìyá òun mọ bí wọ́n ṣe ń báni jà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nǹkan. Mo mú Ràfíátù lọ sílé Màdáámù yunifásítì. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ó ṣí ìkànnì ìjọba ìlú Ọba fúnra wọn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kó yí i sọ́dọ̀ mi kí n rí i. Ó ní, "Màmá, ẹ ẹ̀ gbà mí gbọ́ ni?" Mo ní mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n kó yí i.

Gbogbo àwọn tí ìjọba gbà pé kí wọ́n ṣe ìdánwò òyìnbó fún físà, orúkọ wọn wà níbẹ̀. Orúkọ ọkùnrin Òṣogbo kò sí níbẹ̀. Orúkọ tó fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Wọ́n tún sọ àwọn ilé tí wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe é. Èyí tó máa rọ̀ wá lọ́rùn jù wà ní Èkó. Màdáámù ní tí ó bá di ọjọ́ tí a fẹ́ sanwó, ká tún un yẹ̀ wò, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Ìkànnì yẹn gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹnì kan bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí fóònù.

Ó ní oríṣiríṣi ni ìdánwò náà. Ti akẹ́kọ̀ọ́ yàtọ̀, ti ìyàwó tó ń lọ bá ọkọ yàtọ̀. Ti Ràfíátù yìí, sísọ àti gbígbọ́ ni, wọn kò ní ní kó kọ nǹkan kan. Ẹni tó bá lọ ṣe èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, bó tilẹ̀ yege, òfo ló ṣe. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ wò, wọ́n á wo ojú rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún un lọ́wọ́. Nọ́ńbà á wà lára èsì rẹ̀ tí àwọn tó ń fúnni ní físà á fi yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wọn. Mo bi í pé tí ẹlòmíràn bá lọ jókòó fún un ńkọ́? Màdáámù ní bí ọwọ́ bá tẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún gbọọrọ, kódà bó bá padà wá pẹ̀lú òtítọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa lé e bá. Tìrẹ yìí, ibodè ni òtítọ́ ti máa dúró dè é.

Mo bi Màdáámù pé Nàìjíríà yìí kọ́ ni wọ́n ti ń nà wá ní kíláàsì tí a bá sọ Yorùbá? Báwo ni wọ́n ṣe tún ń bi wá bóyá a gbọ́ òyìnbó? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní a kò sí lára àwọn ìlú tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀. Mo tún fura sí àwọn òyìnbó náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní.

Ìmọ̀ràn kẹta. Àbí ìkẹrin ni? N kò kà á mọ́. Tí o bá fẹ́ mọ inú ẹnì kan, má dúró síwájú rẹ̀. Màdáámù ní òun fẹ́ bi Ràfíátù ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe máa bi í gan-an, ó sì ní kí n jọ̀ọ́, kí n lọ gba atẹ́gùn síta. Mo jáde. O mọ ìyá rẹ. Abẹ́ fèrèsé ni mo ti lọ gba atẹ́gùn náà.

Ó bi í pé kí ni orúkọ ọkọ rẹ̀. Ràfíátù pe orúkọ rẹ, Múfútàù, ó pè é pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ, kò kọsẹ̀. Màdáámù ní kó sọ irú ẹni tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Òyìnbó tó sọ lẹ́yìn ìyẹn, mo gbọ́ díẹ̀, Màdáámù ló bá mi tú ìyókù. Ó ní ò ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, o sì máa ń sọ orúkọ wọn fún òun kí òun lè máa fi wọ́n sínú àdúà. Ó ní o máa ń kọrin nínú balùwẹ̀, orin náà kò sì dùn. Ó ní láti ọjọ́ tí o ti lọ, etí bẹ́ẹ̀dì ni òun ń sùn, òun kò lè sùn síbi tí o máa ń sùn sí. Ó ní tí òun bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ohun tí òun máa kọ́kọ́ ṣe ni pé òun á se ọbẹ̀ ilá fún ọ, nítorí ohùn rẹ lórí fóònù ti gbẹ, ó dà bíi pé o kò jẹun dáadáa.

Ẹni tí o ní ó ti rí ẹlòmíràn nìyẹn. Mo sunkún lábẹ́ fèrèsé onífèrèsé, mo ń fi etí ìró nu ojú. Ojú tì mí nítorí ẹ̀yìn gáráwà omi. Ojú tì mí nítorí tìrẹ náà.

Ìbéèrè kan wá kù tí mo fẹ́ bi ọ́, má bínú pé mo bi ọ́, nítorí ìyá tó bí ọ ni mí. Ṣé o fẹ́ kó wá? Mo ti rò ó títí. Mo ní ọmọ mi tó gbọ́n báyìí, tó ń ka ohun gbogbo kó tó fọwọ́ sí i, báwo ló ṣe lọ mú ìdánwò ayédèrú fún ìyàwó rẹ̀ láìwo ìkànnì ìjọba ìlú tó ń gbé? Ó lè jẹ́ àárẹ̀ iṣẹ́. Ó lè jẹ́ pé ò ń kánjú nítorí ó wù ọ́ kó tètè dé. Ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ ohun mìíràn, sọ fún mi, má fi ìdánwò òyìnbó bò ó. Má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa kọ́ òyìnbó lẹ́yìn ilé ìdáná nítorí ẹni tí kò dúró dè é. Bó bá jẹ́ pé àárẹ̀ àti ìkánjú ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀, kí o sì gbà pé ohun tó ti jẹ lọ́wọ́ rẹ ti lọ. Màdáámù á bá wa forúkọ sílẹ̀ níbi tí ìjọba fọwọ́ sí. Èmi ni màá mú Ràfíátù lọ sí Èkó, ẹnu géètì ni màá sì dúró sí. N kò ní wọlé tì í.

Ṣùgbọ́n mo rò ó pé tí n kò bá tilẹ̀ wọlé, ẹ̀rù mi lè bá a wọlé. Nítorí náà, lánàá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo pè é sí yàrá mi. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo ní kó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ní, "Ràfíátù, kí ni orúkọ ọkọ rẹ?"

Ó ní, "Ọmọ yín ni, Màmá."

Mo ní, "Mo mọ̀ pé ọmọ mi ni. Pè é lórúkọ kí n gbọ́."

Ó wò mí tìfura-tìfura. Òun náà ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe? Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ sọ fún mi, ẹ má fi èyí dẹ mí wò." Ó rò pé pàkúté ni. Ó rò pé tí òun bá pè é tán, màá lọ sọ fún agboolé pé ìyàwó yìí kò ní ẹ̀kọ́.

N kò mọ ohun tí mo lè sọ tí yóò fi gbà mí gbọ́. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni mo ṣe. Mo pe bàbá rẹ lórúkọ. Mo ní, "Sàláwù." Mo pè é níwájú ìyàwó ọmọ mi, èmi tí n kò pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé wọn. Mo dúró díẹ̀, bí ẹni pé wọ́n á jẹ́ mi. Mo sọ fún Ràfíátù pé ó ti pẹ́ jù fún tèmi, etí tí ìbá gbọ́ ọ kò sí mọ́. Mo ní kó má jẹ́ kí ó pẹ́ jù fún tòun.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó kọ́kọ́ pè é wúyẹ́wúyẹ́, mo ní n kò gbọ́. Ó tún un pè. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó pè é sókè, "Múfútàù!", tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé ń béèrè láti ìta pé ṣé o ti dé ni.

Ìyàwó rẹ ti pè ọ́, ọmọ mi. Dá a lóhùn.

Èmi ìyá rẹ ni.